Bí Mo Ṣe Pààrọ̀ Kálípà Bíréèkì Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àlejò sọ ní ìpàdé oṣooṣù, nígbà ìmúrasílẹ̀ fún ayẹyẹ ọdún mẹ́wàá

  

Nígbà tí Ààrẹ ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ni ọ̀pọ̀ yín ń retí: bí a ṣe ń yá owó ní báǹkì, bí a ṣe ń fi owó pamọ́, bí a ṣe ń sá fún àwọn ọmọ tó ń fi fóònù jalè. Ẹ má bínú sí mi. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ń sọ̀rọ̀ owó lọ́sẹ̀. Lónìí, ọ̀rọ̀ bíréèkì ni mo gbé wá. Ẹ ṣe sùúrù fún mi, ẹ ó rí i níwájú pé ó kan ẹgbẹ́ wa.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé wa ní Ìkẹ́nnẹ́ mọ Peugeot 504 aláwọ̀ eérú tó wà lábẹ́ igi máńgòrò. Tíṣà ni bàbá mi. Ní 1986 ló rà á, owó ọkọ̀ tí ìjọba ń yá òṣìṣẹ́ nígbà náà ló fi rà á, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi ń yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀. Kàdúná ni wọ́n ti to ọkọ̀ náà. Ilé iṣẹ́ Peugeot tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ ní 1975. Ní ilẹ̀ Faransé, 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé 504 jáde, òun ni wọ́n sì fún ní oyè ọkọ̀ tó dára jù lọ ní Yúróòpù fún 1969. Ní 1975 àti 1978, òun ló gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Safari Rally ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, níbi tí ọ̀nà ti jẹ́ eruku, òkúta àti ẹrẹ̀. Àmọ́ ta ló ń sọ ìyẹn fún wa? Àwa tí a dàgbà nílẹ̀ yìí ti mọ̀ ọ́n. Òun ni ọ̀gá ìjọba ń gùn, òun ni takisí, èyí tó gùn lẹ́yìn nínú wọn ló sì ń kó èrò láti gáréèjì Ṣàgámù lọ sí Èkó, Ìbàdàn àti Bìní.

Bàbá mi papòdà. Ọkọ̀ náà wà lójú kan fún ọdún mẹ́jọ. Ewé máńgòrò bò ó, adìyẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni àwọn tó ń ra irin àlòkù wá, àwọn àbúrò mi sì ní kí a tà á. Ìyá wa ló kọ̀. Ó ní, "Ọkọ̀ yìí ló gbé mi lọ bí àbíkẹ́yìn mi lóru. Bí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ tà mí mọ́ ọn." Mo bá ṣèlérí fún un pé ní ọjọ́ tó bá pé ẹni ọgọ́rin ọdún, inú 504 yẹn ni màá fi gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ́ńjìnnì kò yọ wá lẹ́nu púpọ̀. A pààrọ̀ bátìrì, a fọ táǹkì, a pààrọ̀ àwọn rọ́bà tó ti gbẹ, ó sì dáhùn. Bíréèkì ni wàhálà. Mo gbé e lọ fún mẹkáníìkì kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ó tú ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, ó fi páàdì tuntun sí i, ó ní ó ti parí. Mo san owó, mo dúpẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ń bọ̀ láti Ìkẹ́nnẹ́ sí Ṣàgámù. Mo rí i pé ọkọ̀ ń fà sí ọwọ́ òsì. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ òórùn nǹkan tó ń jó. Mo rò pé wọ́n ń sun igbó nítòsí ni. Nígbà tí mo dé oríta kan, ọmọbìnrin kékeré kan tó ru omi inú ọ̀rá ń sọdá. Mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ pátápátá bí ẹni tẹ fùlùfúlù. Mo tún tẹ̀ ẹ́, òfìfo ni. Mo já jíà sí ẹyọ kejì, mo fa bíréèkì ọwọ́, mo darí ọkọ̀ sínú koríko. Ibi tí ọkọ̀ dúró sí ọmọ náà kò tó ìwọ̀n tábìlì tí Ààrẹ jókòó sí yìí. Ó wò mí, ó gbé omi rẹ̀ sókè dáadáa, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Èmi ni mo jókòó síbẹ̀ tí ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé lẹ́yìn bíi wákàtí kan, nígbà tí táyà tutù, bíréèkì padà. Mẹkáníìkì náà wá, ó tẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ọ̀gá, kò sí nǹkan tó ṣe é." Mo wá mọ̀ pé bí mi ò bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn fúnra mi, màá pa ẹnìkan lọ́jọ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí ó ṣe yé mi. Nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, kì í ṣe ẹsẹ̀ yín ló ń dá táyà dúró. Ẹsẹ̀ yín ń ti óìlì bíréèkì nínú páìpù tóóró. Óìlì kì í sún kì, nítorí náà agbára ẹsẹ̀ yín dé ìdí táyà lójú ẹsẹ̀. Níbẹ̀ ni irin kan wà tí a ń pè ní kálípà, tó gbá àwo irin mú bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka méjì di etí abọ́ mú. Àwo irin yẹn ni dísìkì. Óìlì ń ti písítìnì inú kálípà, písítìnì ń ti páàdì, páàdì ń fún dísìkì mọ́ra, ọkọ̀ dúró. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Lanchester ti gba ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ ní 1902. Ní 1953, ọkọ̀ Jaguar tó lò ó borí ní Le Mans, láti ìgbà náà ni gbogbo ayé ti gbà pé ó dára.

Ohun tó ṣe ọkọ̀ wa nìyí. Ọdún mẹ́jọ tó fi dúró, ìpẹtà ti mú písítìnì inú kálípà òsì. Bí mo bá tẹ bíréèkì, ó ń jáde. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, kì í padà. Páàdì wá ń ha dísìkì ní gbogbo ọ̀nà, ó ń gbóná bí irin alágbẹ̀dẹ. Óìlì bíréèkì sì ní ìwà kan: ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Èyí tí a ń pè ní DOT 4, nígbà tó bá jẹ́ tuntun, kò gbọ́dọ̀ hó títí yóò fi dé 230 lórí ìwọ̀n Celsius ó kéré tán. Tí omi bá ti wọ̀ ọ́, ìwọ̀n tí òfin béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ já sí 155. Tiwa ti wà nínú páìpù láti ayé bàbá mi. Ó hó, ó di oruku gbígbóná, ó di afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ sì ń sún kì. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ mi fi wọlẹ̀. Nígbà tó tutù, ó padà di óìlì, ó wá dà bí ẹni pé irọ́ ni mo ń pa.

Mayflower ni mo ti jáde, ilé ẹ̀kọ́ tí olóògbé Tai Solarin dá sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá kì í fi iṣẹ́ ọwọ́ ṣe ẹ̀gàn. Mo rí ìwé àtúnṣe ọkọ̀ tí bàbá mi fi sínú búùtù, mo kà á ní alẹ́ mẹ́ta. Mo lọ sí ọjà Ládìpọ̀ ní Mushin, mo mú kálípà ògbólógbòó dání kí wọ́n má baà ta ohun tí kò bá a mu fún mi. Méjèèjì ni mo rà, tọ̀tún tòsì, pẹ̀lú páàdì tuntun, họ́ọ̀sì rọ́bà méjì, wáṣà bàbà àti óìlì DOT 4. A kì í pààrọ̀ ẹyọ kan fi èkejì sílẹ̀. Bí ọwọ́ kan bá di mú ju èkejì lọ, ọkọ̀ yóò fà yín sínú gọ́tà. Họ́ọ̀sì náà ṣe pàtàkì. Bí inú rẹ̀ bá ti wú, óìlì yóò gbà á lọ, kò ní lè gbà á padà, ẹ ó sì máa bú kálípà tí kò ṣẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dán an wò nílé, ẹ fetí sí àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Èkínní, ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ fi òkúta di táyà ẹ̀yìn. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ kí ẹ tó fi jáàkì gbé ọkọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e tán, ẹ fi irin ìdúró sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan, ẹ má sì fi búlọ́ọ̀kù dípò irin, nítorí búlọ́ọ̀kù lè fọ́ lójijì láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Èkejì, ẹ má fẹ́ eruku páàdì, ẹ má sì fi afẹ́fẹ́ fọnùfọnù tú u ká. Páàdì àtijọ́ ní asbestos nínú, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Omi ni kí ẹ fi rin ín, kí ẹ fi àkísà nù ún.

Ẹ̀kẹta, bóòtù méjì tó wà lẹ́yìn ló di kálípà mú. Ẹ ti da óìlì tí ń tú ìpẹtà sí i láti alẹ́ àná. Bí ẹ bá ní láti gbé kálípà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìtú họ́ọ̀sì rẹ̀, ẹ fi wáyà so ó kọ́. Ẹ má jẹ́ kó fi họ́ọ̀sì rọ̀.

Ẹ̀kẹrin, óìlì bíréèkì ń ṣí ọ̀dà ọkọ̀. Bó bá ta sí i, ẹ tètè fi omi ṣàn án. Ẹ má sì da óìlì ẹ́ńjìnnì sínú ibi tí óìlì bíréèkì ń wà láé. Gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ ni yóò wú.

Ẹ̀karùn-ún, wáṣà bàbà tuntun ni kí ẹ fi de họ́ọ̀sì. Èyí tí a ti fún mọ́lẹ̀ rí kò ní dí dáadáa mọ́. Ẹ fún bóòtù dé ìwọ̀n tí ìwé sọ.

Ẹ̀kẹfà ni fífa afẹ́fẹ́ jáde. Ẹnìkan yóò máa tẹ bíréèkì, ẹnìkan yóò wà ní ìdí táyà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ tó jìnnà jù sí ibi tí óìlì ń wà. Ẹ fi rọ́bà tóóró sí nọ́ọ̀tì kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, kí ẹnu rọ́bà náà rì sínú ìgò tí óìlì wà nínú rẹ̀. Tẹ̀ ẹ́, dì í mú, ṣí i, tì í, gbé ẹsẹ̀ sókè. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó máa ṣe títí kò ní sí ìfófòó mọ́. Ẹ má jẹ́ kí óìlì gbẹ lókè, kí ẹ má baà tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Gbogbo èyí ni mo ṣe. Àárọ̀ Sátidé ni èmi àti ọmọkùnrin mi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi di aago méjì, kálípà tuntun ti wà ní ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n ń dán. A bẹ̀rẹ̀ sí fa afẹ́fẹ́. Ọmọ mi tẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. A lo ìgò óìlì méjì tán. Bíréèkì ṣì ń wọlẹ̀ bíi fùlùfúlù. Ìyá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wò wá, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó ní, "Ṣé kò tíì yá ni?" Mi ò lè dá a lóhùn.

Mo mọ ẹni tí mo lè pè. Láti aago mẹ́rin ni mo ti mọ̀ ọ́n, ojú ló ń tì mí.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni. Iwájú àga mi ló ń jókòó sí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì ni, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ó ti gbà pé kí n sọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ó ní kí n má dárúkọ òun. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nínú ẹgbẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò rántí pé ní ọdún kẹfà, ẹnìkan kò wá sí ìpàdé mọ́. Owó oṣù mẹ́rìnlá ló jẹ ẹgbẹ́. Òfin wa sì sọ pé tó bá ti kọjá oṣù méjìlá, kí a yọ orúkọ ẹni náà. Èmi ni Alukoro. Èmi ni mo yọ nọ́ńbà rẹ̀ kúrò lórí WhatsApp wa, pẹ̀lú àtàǹpàkò mi yìí. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan. N kò pè é kí n tó yọ ọ́, n kò sì pè é lẹ́yìn náà.

Mo pè é lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní, "Má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́, mò ń bọ̀." Ọ̀kadà ló gùn wá láti Ṣàgámù. Ó kí ìyá mi, ó dọ̀bálẹ̀ fún un, ìyá mi sì pe oríkì rẹ̀, nítorí kò gbàgbé rẹ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó tún tan án sí tòsì, ó wá bú sẹ́rìn-ín.

"Oníbáǹkì, bí afẹ́fẹ́ bá wà nínú omi, ṣé òkè ló ń lọ ni àbí ìsàlẹ̀?"

Mo ní, "Òkè ni."

"Nọ́ọ̀tì tí afẹ́fẹ́ fẹ́ gbà jáde ńkọ́, ibo lo kọ ojú rẹ̀ sí?"

Mo wò ó. Ìsàlẹ̀ ni. Mo ti gbé kálípà ọ̀tún sí òsì, mo gbé tòsì sí ọ̀tún. Wọ́n jọra bí ìbejì, bóòtù wọn sì wọlé rẹ́gí, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ jókòó sókè nínú wọn, èmi sì ń fa óìlì láti ìsàlẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, afẹ́fẹ́ yẹn kò ní jáde. A tú méjèèjì, a pààrọ̀ àyè wọn. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí a fi fa afẹ́fẹ́ tán. Bíréèkì le bí òkúta. Kí a tó gbé ọkọ̀ kúrò lójú kan, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ léraléra kí páàdì lè dé ara dísìkì, kí n wá máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ọgbà, kí n dúró, kí n tún rìn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti gbàgbé rẹ̀ tó sì ti fi iwájú ọkọ̀ gbá ògiri ilé ara rẹ̀.

Mo mú owó jáde. Kò gbà á. Ó ní, "Èwo ni kí n gba owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mi?" Lẹ́yìn náà, níbi tó ti ń fi ọmọ ọṣẹ fọ ọwọ́, ó béèrè láìwo ojú mi: "Ṣé Sátidé kejì oṣù lẹ ṣì ń ṣe ìpàdé?"

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo bi í ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọdún tí a ra ańkóò méjì, ọmọ rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn. Ó yan ọmọ. Lẹ́yìn náà gbèsè pọ̀, ojú ń tì í láti wá jókòó láàárín wa. Ẹnikẹ́ni nínú wa ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó burú ni pé ilé rẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí gbọ̀ngàn yìí, kò sì sí ẹni tó lọ béèrè. Mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pààrọ̀ páàdì, kò wo ohun tó wà nínú kálípà. Àwa náà ka oṣù mẹ́rìnlá nínú ìwé Akápò, a kò wo ohun tó wà nínú ilé.

Nítorí náà, mo mú àbá mẹ́ta wá.

Àkọ́kọ́, kí a má ṣe yọ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ títí ènìyàn méjì nínú wa yóò fi lọ sí ilé rẹ̀, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n béèrè àlàáfíà rẹ̀ kí wọ́n tó béèrè owó. Bó bá jẹ́ pé nǹkan le fún un, kí a jẹ́ kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ báǹkì ń sọ fún yín pé ẹni tí a fún láyè sábà máa ń san ju ẹni tí a lé lọ.

Ìkejì, kí ańkóò má jẹ́ dandan. Ẹni tó bá wọ aṣọ tó ní, ọmọ ẹgbẹ́ ni.

Ìkẹta, ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ inú wa máa bá wa yẹ bíréèkì àti táyà ọkọ̀ wa wò, kí ẹgbẹ́ sì san owó iṣẹ́ wọn. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó le jù ni à ń gbé. Láti 1978 tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tọ̀sán tòru ni tírélà ń gba oríta Ṣàgámù kọjá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà, ni alága àkọ́kọ́ fún ìgbìmọ̀ Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1988. Ọmọ Rẹ́mọ ló ṣíwájú nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò yẹ kí àwa gbẹ́yìn. Ẹ pààrọ̀ óìlì bíréèkì yín ní ọdún méjì-méjì. Bí ọkọ̀ bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí táyà kan bá ń gbóná ju ìyókù lọ, bí ẹ bá gbọ́ òórùn tó ń jó, ẹ dúró. Ẹ má sọ pé wọ́n ń sun igbó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ìyá mi pé ẹni ọgọ́rin. Mo ṣí ilẹ̀kùn 504 fún un, ó jókòó síwájú, níbi tó máa ń jókòó sí nígbà ayé bàbá mi. Ẹlẹgbẹ́ mi tó tún un ṣe jókòó sẹ́yìn, nítorí ìyá mi ní òun kò ní lọ bí kò bá wọlé. Nígbà tí a dé oríta tí mo sọ yẹn, mo tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ìyá mi ní, "Báyìí ni bàbá yín ṣe máa ń dúró."

Ẹlẹgbẹ́ wa náà wà níhìn-ín lónìí. Ẹ má wẹ̀yìn láti wá a, ẹni tó mọ̀ ọ́n ti kí i. Mo ti fi ẹnu ara mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún tọrọ rẹ̀ níwájú gbogbo yín.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa wọ òfìfo lọ́jọ́ tí a bá nílò ìdúró. Bí a ṣe pé lónìí, kí a má ṣe dín kù. Ọdún mẹ́wàá yóò di ogún, ogún yóò di àádọ́ta, a ó sì jọ máa bá a lọ ni.